Omi Tó Wà Lẹ́yìn Yẹ̀kínnì

Bí ẹ bá ti ya fọ́tò rí ní àdúgbò Ìdí-Òrò ní Mushin, láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sí ìsinsìnyí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé iwájú omi Yẹ̀kínnì lẹ dúró sí. Aṣọ ńlá kan ni, tó so mọ́ ògiri ẹ̀yìn sítúdíò rẹ̀. Wọ́n ya omi funfun tó ń já bọ́ láti orí òkè sí i, pẹ̀lú igi tútù lọ́tùn-ún lósì, àti ẹyẹ funfun méjì tí wọn kò bà sílẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti yà wọ́n. Ọmọ tuntun ti jókòó síwájú omi yìí. Ìyàwó ọ̀ṣìngín ti dúró níbẹ̀. Ẹni tó ń lọ Mẹ́kà a ya fọ́tò níbẹ̀ kó tó lọ, a sì tún yà á nígbà tó bá dé. Ọ̀pọ̀ ará Mushin ni kò rí omi tó ń já láti orí òkè rí láyé wọn, ṣùgbọ́n fọ́tò ibi tí wọ́n ti dúró tì í wà nílé wọn.

Yẹ̀kínnì fúnra rẹ̀ wà lára wọn. Mushin ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan ní Oto ló ti kọ́ṣẹ́, kó tó padà wá ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé bàbá rẹ̀. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta báyìí. Ohun kan ló gbà gbọ́ nínú iṣẹ́ yìí, òun náà ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ojú tó gbé wọlé jáde. Ó kọ ọ́ sí pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù pé, "Kò sí ojú tí kì í dára lọ́dọ̀ wa." Láyé fíìmù, pẹ́ńsù tó mú ṣóńṣó ló fi ń pa irorẹ́ rẹ́ lójú ọmọge. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ọwọ́ rẹ̀ wá tú pátápátá. Bí o bá ní àpá, ó yọ ọ́. Bí awọ ọrùn rẹ bá ti rọ̀, ó nà án. Fọ́tò tirẹ̀ tó gbé kọ́ sókè ẹnu ọ̀nà, ó ti tún un ṣe débi pé kò sí ewú kan ṣoṣo nínú irùngbọ̀n ọkùnrin inú rẹ̀, iwájú orí tó ti pá sì kún fún irun dúdú. Bàlíkísù ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé lọ́jọ́ tí Yẹ̀kínnì bá mú òun bínú jù, ọ̀dọ̀ èyí tó wà lára ògiri lòun máa kó lọ.

Ìyá rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú wọn nínú ilé. Àmúdàtù lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Alhájà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ti lé díẹ̀ ní ọgọ́rin ọdún. Ojú rẹ̀ ọ̀tún ti kú láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Kò dùn ún, ìdí nìyẹn tí kò fi tètè sọ. Ti òsì náà ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ láti ọdún méjì ó lé kó tó sọ ọ́, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìdí-Àràbà. Dókítà kan tó jẹ́ obìnrin, tó ń fi sùúrù sọ̀rọ̀, ṣàlàyé fún wọn pé àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní gìlókómà ni. Ó ní èyí tó ti lọ ti lọ, pé oògùn tí wọ́n ń kán sójú lè fà á sẹ́yìn díẹ̀, pé kò sí ẹni tó lè sọ bóyá ojú òsì yìí á bá wọn dé ọdún tuntun. Oṣù Keje nìyẹn.

Àmúdàtù kò sunkún, kò sì bi dókítà ní ìbéèrè kankan. Nígbà tí wọ́n délé, ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí lọ́dẹ̀dẹ̀, ó sì pe ọmọ rẹ̀.

"Yẹ̀kínnì, ṣé iṣẹ́ fọ́tò lo ṣì ń ṣe?"

"Ẹ̀ẹ́n, Màámi. Ṣé ẹ ò mọ̀ ni?"

"Mo mọ̀. O ti ya gbogbo ayé. Bá mi lọ ya omi wa wá."

Omi tó ń sọ ni Ayinrin. Odò kan ni, ní apá Ìjẹ̀ṣà, lẹ́yìn abúlé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Òkè-Ayinrin, níbi tí wọ́n bí i sí. Nínú igbó, odò náà ń já láti orí àpáta bọ́ sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Àmúdàtù nígbà tó fi ibẹ̀ sílẹ̀, tó tẹ̀lé káfíńtà kan wá sí Èkó, káfíńtà náà sì ni bàbá Yẹ̀kínnì. Láti ìgbà tó ti sin ìyá rẹ̀ kò padà débẹ̀ mọ́, ìyẹn sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Lákọ̀ọ́kọ́ ọmọ àti ọjà ni kò jẹ́ kó lọ. Nígbà tó yá, orúnkún ni.

"Mo fẹ́ rí i kí ojú yìí tó pa dé," ló wí. "Ìyẹn nìkan ni mo ń béèrè."

Yẹ̀kínnì ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ fún òun, pé kò sóhun tó rọrùn tó o. Lẹ́yìn ìyẹn ó gbàgbé. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ ni. Oṣù Kẹjọ jẹ́ oṣù ìgbéyàwó, Sátidé kan ń lé èkejì, gbogbo ọjọ́ tó bá sì kù láàárín ọ̀sẹ̀ ló fi ń tún ojú àwọn èèyàn ṣe. Ìyá rẹ̀ kò rán an létí. Àmọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, Bàlíkísù gbé tíì síwájú Alhájà lórí tábìlì kékeré. Ìyá na ọwọ́ sí i, ọwọ́ náà sì dì mọ́ afẹ́fẹ́, ìka mẹ́rin péré sí ibi tí kọ́ọ̀bù wà. Ó dúró díẹ̀. Ó wá rọra fi ọwọ́ wá a lórí tábìlì títí tó fi bà á. Yẹ̀kínnì rí i láti ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀rù bà á. Ní ọjọ́ kejì, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó kó kamẹ́rà sínú báàgì, ó sì wọ ọkọ̀.

Ẹni tó gbà á lálejò ní Òkè-Ayinrin ni Ọlápàdé, ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀. Àgbẹ̀ kòkó ni, ó fi ọdún márùn-ún ju Yẹ̀kínnì lọ. Àwọn méjèèjì ti pàdé rí níbi òkú kan, àmọ́ orí fóònù ni wọ́n ti ń kí ara wọn láti ìgbà náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Túsìdeè, Ọlápàdé jáde pẹ̀lú àdá àti bàtà rọ́bà tó dé orúnkún. Ó wo ẹsẹ̀ àlejò rẹ̀. Bàtà aláwọ dúdú ni Yẹ̀kínnì wọ̀, èyí tó ń dán.

"Yẹ̀kínnì, ṣé Jímọ̀ là ń lọ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, kò sóhun tó máa ṣe é. Ẹ ní kò jìnnà."

"Mo ní wákàtí méjì ni. Ní Èkó, ṣé ìyẹn ò jìnnà?"

Wákàtí méjì tó wí yẹn, ti ẹni tí kò gbé kamẹ́rà dání ni. Kí wọ́n tó dé etí odò àkọ́kọ́, Yẹ̀kínnì ti dúró lẹ́ẹ̀mẹfà. Odò kékeré ni, ó gba ẹ̀gbẹ́ oko kòkó kọjá, omi rẹ̀ kò ju orúnkún lọ. Àwọn obìnrin mẹ́ta ń fọ aṣọ níbẹ̀, wọ́n sì rẹ ẹ̀gẹ́ sínú àpò sí etí omi. Yẹ̀kínnì kí wọn, ó kúnlẹ̀, ó gbé kamẹ́rà sójú, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ìyá wa, ẹ bá mi yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀. Omi ni mo fẹ́ yà."

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn wò ó. "Omi nìkan? Ta ló máa wá wà nínú fọ́tò ọ̀hún?"

"Kò sẹ́nì kankan, Mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì yà fún un, wọ́n tilẹ̀ gbé ẹ̀gẹ́ wọn pẹ̀lú. Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ tí obìnrin yẹn sọ, òun gan-an ló ń da Yẹ̀kínnì láàmú. Láti bí ogójì ọdún tó ti ń yàwòrán, kò ya ohun tí kò ní ojú rí. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ fún èèyàn pé gbé àgbọ̀n sókè, rẹ́rìn-ín díẹ̀, má ṣẹ́jú. Kí ni wọ́n máa ń sọ fún odò? Ó ya ogún fọ́tò níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì jọ gọ́tà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kún. Iná kamẹ́rà tó tàn sí omi kàn mú kó máa dán gbinrin bí iwájú orí tó pá ni.

Wọ́n ń lọ. Ọ̀nà wọ inú igbó, ilẹ̀ ń yọ̀, ìjàlọ wọ inú ṣòkòtò Yẹ̀kínnì, Ọlápàdé sì dúró dè é títí tó fi jó tán. Odò kejì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òjò ti mú un pọ́n rẹ́súrẹ́sú, igi ńlá kan ti wó dábùú rẹ̀, ọ̀pá ọparun mẹ́rin tí wọ́n dì pọ̀ ni wọ́n sì fi ṣe afárá. Níbẹ̀ ni Yẹ̀kínnì ti rántí nǹkan kan tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní Oto, tí kò sì lò ó rí. Bí èèyàn bá gbé kamẹ́rà lé ohun tí kò mì, tó sì jẹ́ kí ojú kamẹ́rà là pẹ́ díẹ̀, ohun tó bá ń sáré á di funfun, á rọ̀ bí òwú. Ó gbé kamẹ́rà lé gbòǹgbò igi, ó gbìyànjú ẹ̀. Omi pupa náà wá dà bí aṣọ funfun. Inú rẹ̀ dùn púpọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tó mọ̀ nínú igbó náà. Omi inú sítúdíò rẹ̀ ló ń wò.

Láti ìgbà yẹn ló ti mọ ohun tó ń wá. Kò tún dúró mọ́ títí tí wọ́n fi gbọ́ ohùn Ayinrin, wọ́n gbọ́ ọ pẹ́ kí wọ́n tó rí i. Nígbà tí igbó là, tí wọ́n rí i, Yẹ̀kínnì kò lè ṣàìjẹ́wọ́ fún ara rẹ̀ pé ó já òun kulẹ̀ díẹ̀. Kò ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ. Omi rẹ̀ pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Àpáta rẹ̀ dúdú, ewé jíjẹrà kún ìdí rẹ̀, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà méjì sì há sábẹ́ gbòǹgbò kan. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí omi ti ń rọ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, òkúta pẹrẹsẹ kan jókòó síbẹ̀, tí ìlà jíjìn pọ̀ lójú rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi nǹkan ha á.

Ó fẹsẹ̀ lé òkúta yìí kó lè sún mọ́ omi. Bàtà Jímọ̀ kò gbà fún un. Ẹsẹ̀ yọ̀, ó fìdí balẹ̀ gbì, ọwọ́ kan ló fi gbé kamẹ́rà sókè kí omi má bàa kàn án. Ọlápàdé kọ́kọ́ béèrè bóyá ó fara pa. Nígbà tó rí i pé kò ṣe é ní nǹkan kan, ó fa fóònù rẹ̀ yọ, fóònù tí ojú rẹ̀ ti là sí ọ̀nà mẹ́ta, ó sì yà á.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́."

"N ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á rẹ́," ni Ọlápàdé wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó wá tọ́ka sí abẹ́ ìdí Yẹ̀kínnì. "Òkúta tó o jókòó lé yìí, ní ayé àwọn ìyá wa..."

"Ẹ jẹ́ kí n ya omi yìí ná, Ẹ̀gbọ́n. Oòrùn ń lọ."

Ó dìde, ó nu ìdí. Kó lè ya ohun tó dára, ó gbé ojú kamẹ́rà sókè kí òkúta tó ní àpá yẹn má bàa wọ inú fọ́tò. Ó yà títí bátìrì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlápàdé, ó sì padà sí Èkó.

Ọjọ́ méjì gbáko ló fi jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó mú pípọ́n kúrò lára omi, ó fi aró díẹ̀ sí i. Ó yọ ewé jíjẹrà. Ó yọ igi tó wó. Ó yọ ọ̀rá méjèèjì, èyí ni kò sì sẹ́ni tó lè bá a wí fún. Ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú ọ̀run. Bàlíkísù wá wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, "Bàbá Basheerah, ó mà dáa o. Ó jọ ti ṣọ́ọ̀bù gan-an." Yẹ̀kínnì kà á sí oríyìn. Ó tẹ méjìlá jáde lórí bébà tó tóbi. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tó máa ń ṣe nígbàkigbà tí iṣẹ́ bá ti parí, ó nu gbogbo ohun tó kù kúrò nínú kamẹ́rà àti kọ̀ǹpútà, nítorí nìkáà kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kọ̀ǹpútà náà sì ti gbó, àyè inú rẹ̀ kéré. Iṣẹ́ tí wọ́n bá ti tẹ̀ jáde ti kúrò lọ́wọ́ ẹni.

Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti kírun dé, ó gbé fọ́tò náà fún ìyá rẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀, níbi tí oòrùn ti ń wọlé dáadáa. Àmúdàtù mú àkọ́kọ́, ó gbé e sún mọ́ ojú òsì débi pé imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bébà. Ó rọra ń yí orí láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, bí ẹni tó ń yọjú lójú ihò kọ́kọ́rọ́. Ó wo èkejì. Ó wo gbogbo méjèèjìlá, kò fo ọ̀kankan.

"Ó dáa," ló wí. Ó tò wọ́n jọ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Yẹ̀kínnì, ṣé o débẹ̀ lóòótọ́?"

"Màámi?"

"Omi ṣọ́ọ̀bù rẹ lèyí. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi náà ti dúró síwájú rẹ̀ nígbà tí mò ń lọ Mẹ́kà."

"Màámi, mo débẹ̀. Ẹ pe Ẹ̀gbọ́n Ọlápàdé, ẹ bi wọ́n. Mo tilẹ̀ ṣubú níbẹ̀."

"Níbo lo ṣubú sí?"

"Lórí òkúta kan báyìí, nísàlẹ̀ omi, tó ní ìlà lára."

Ìyá gbé orí sókè. "Kò sẹ́ni tó máa dé Ayinrin tí kò ní rí òkúta yẹn. Níbo ló wà nínú èyí?"

Ìyá rẹ̀ ń fi ọwọ́ pa ojú fọ́tò tó wà lókè.

"Ṣé torí pé mi ò ríran dáadáa mọ́ lo fi rò pé ohunkóhun lo lè gbé wá fún mi?" Kò pariwo. Ó tún ní, "O ṣeun. Ó rẹ̀ ẹ́. O ṣeun."

Ohùn tí ìyá èèyàn fi ń sọ o ṣeun nígbà tí kò ní béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni mọ́, Yẹ̀kínnì mọ̀ ọ́n. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó wá gbogbo ibi tí nǹkan lè sá pamọ́ sí nínú rẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe tó láti pa nǹkan rẹ́, kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a padà. Ojú tì í gan-an. Ó ti rin ìrìn wákàtí mẹ́rin nínú ẹrẹ̀ lọ síbi omi ìyá rẹ̀, ó sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di aṣọ ara ògiri. Bàlíkísù gbé oúnjẹ wá, ó rí ojú rẹ̀, ó sì gbé oúnjẹ padà.

Ó pe Ọlápàdé lórí fóònù. Ó ní òun ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

"Ibo lo máa gbà?" Ọlápàdé béèrè. "Òjò àná ti gbé afárá ọparun lọ. Kò sẹ́ni tó máa dé Ayinrin kó tó di ọyẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n, Màámi ò lè dúró de ọyẹ́."

Lẹ́yìn náà ni Yẹ̀kínnì rántí.

"Ẹ̀gbọ́n, fọ́tò tí ẹ yà nígbà tí mo ṣubú, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ yín?"

"Ṣé mi ò sọ fún ẹ pé n ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á rẹ́ ni?"

Kí Ọlápàdé tó lè fi í ránṣẹ́, ó ní láti gun òkè ẹ̀yìn ilé-ìwé, níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wà. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ló wọlé sórí Wásáàpù. Yẹ̀kínnì ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ó sì káwọ́ lérí. Fọ́tò náà wọ́, ó dagun sí apá òsì. Omi Ayinrin ń já nínú rẹ̀ pẹ̀lú pípọ́n rẹ̀, ewé rẹ̀ àti ọ̀rá rẹ̀. Òkúta nà gbọọrọ ní iwájú, gbogbo ìlà rẹ̀ hàn. Lórí òkúta ni ọkùnrin kan jókòó sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ yà gbàgà, ẹrẹ̀ dé ìbàdí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lókè. Iwájú orí rẹ̀ pá. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun.

Ọwọ́ Yẹ̀kínnì lọ síbi tó ti mọ́ ọn lára. Ìlà mẹ́ta wà níwájú orí ọkùnrin náà, ó nu ọ̀kan. Ó wò ó. Lẹ́yìn náà ló dá ìlà náà padà sí ipò rẹ̀, nítorí pé èyí, ó ṣì lè dá a padà. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tẹ pátákó ìpolówó ní Ṣómólú, ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kó tóbi tó ilẹ̀kùn, kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹni tó gbé ìpè rẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, fọ́tò yìí ò clear o. Ṣé ká bá yín edit ẹ̀ ni?" Yẹ̀kínnì ní kó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Láyé rẹ̀, kò sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà kankan rí.

Ọjọ́ Túsìdeè ló lọ gbé e. Ó kàn án mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí oòrùn àárọ̀ ń kọjú sí, ó sì lọ di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú jáde. Bàlíkísù tẹ̀lé wọn. Àmúdàtù kò fẹ́ wá. Ó ní òun ti wo fọ́tò tó. Nígbà tí wọ́n mú un dé iwájú ẹ̀, ó sún mọ́ ọn, ó yí orí, ó wo apá òkè. Ó sún sẹ́yìn díẹ̀. Ó tún sún mọ́ ọn. Ó gbọ́wọ́ lé e, ó sì ń fi ìka wá ìsàlẹ̀ lọ.

"Òkúta nìyí," ló wí.

Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti etí omi. Ó kà, "Ení. Èjì. Ẹ̀ta." Ó dúró lórí ìlà kẹta. "Ti ìyá mi nìyí. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ojú tí wọ́n ti ń pọ́n ọ̀bẹ níbẹ̀, o ò gbọdọ̀ pọ́n tìrẹ lójú ilé ẹlòmíì. Wọ́n á ti pọ́n ọn, pọ́n ọn, á ti jìn wọlé. Bí ọmọbìnrin bá ń lọ ilé ọkọ, ìyá rẹ̀ á mú un débẹ̀, á pọ́n ọ̀bẹ tó máa gbé lọ. Èmi náà pọ́n tèmi. Ọ̀bẹ yẹn ni mo fi gé ìwọ́ ẹ." Ó ń fi ìka lọ síwá sẹ́yìn lórí ìlà náà, bí ẹni tó ń pọ́n nǹkan. "Mo rò pé omi ti bò ó."

"Kò bò ó, Màámi."

Ìka rẹ̀ kọjá òkúta, ó kan ẹsẹ̀ tó ní ẹrẹ̀, ó gòkè dé ojú ọkùnrin náà. Ó tún gbé ojú òsì sún mọ́ ọn.

"Ta ni bàbá àgbàlagbà tó jókòó lé e yìí? Ṣé Ọlápàdé nìyí?"

Bàlíkísù wo ọkọ rẹ̀, ó sì yára wo ilẹ̀.

"Èmi ni, Màámi," ni Yẹ̀kínnì wí.

Láti ọdún méjì ó lé, ohùn ọmọ rẹ̀ àti òjìji rẹ̀ ló fi ń dá a mọ̀. Ojú tó ń rí lọ́kàn nígbà tó bá ń bá a sọ̀rọ̀, ojú ọkùnrin òkè ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni.

"Ìwọ ni?"

"Èmi ni."

"Irùngbọ̀n ẹ ti funfun báyìí?"

"Ó ti pẹ́, Màámi."

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi." Ó tún wò ó, láti iwájú orí dé àgbọ̀n, díẹ̀díẹ̀, kò kánjú. "O jọ bàbá ẹ. Níbi tó o jókòó sí yẹn, ibẹ̀ ti máa ń yọ̀ tipẹ́. Ṣé o fara pa?"

"Rárá, Màámi."

Oòrùn ti ń kúrò lójú ògiri. Yẹ̀kínnì na ọwọ́ láti yọ fọ́tò náà, kó lè gbé e lọ sí apá kejì níbi tí ìmọ́lẹ̀ ṣì wà. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Fi í sílẹ̀," ló wí. "Mi ò tíì wò ẹ́ tán."

Bàlíkísù gbé àga wá fún un, ìyá sì jókòó síwájú fọ́tò náà.